Owó Bọ́ọ̀sì Ọmọ Ilé Ìwé: Ẹ Ṣírò Rẹ̀ Kí Ẹ Tó San Án

Kí sáà tuntun tó wọlé ni ìwé owó máa ń dé ọwọ́ òbí ní Mowe, Ibafo, Ọ̀fàdà àti Ifo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Owó ilé ìwé á wà lókè, owó ìwé àti aṣọ á tẹ̀ lé e, owó bọ́ọ̀sì á sì wà nísàlẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ti bọ́ọ̀sì yìí ni òbí lè sọ pé òun ò ṣe. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í jókòó rò ó. Ẹlòmíràn á san án torí pé aládùúgbò rẹ̀ san án. Ẹlòmíràn á kọ̀ ọ́ torí pé iye náà bà á lẹ́rù. Ìṣirò ló yẹ kó pinnu.

Ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Èkó lójoojúmọ́ pẹ̀lú, ẹni tó ń rọ owó sórí káàdì kó tó wọkọ̀. Ìlànà kan náà ló bá gbogbo wọn wí: owó ọkọ̀ tí a san sílẹ̀ máa ń dára bí ìrìn tí a ó fi rìn bá tó láti jẹ ẹ́ tán. Bí kò bá tó, kí owó yín dúró sápò yín.

KÍ Ẹ TÓ MÚ OWÓ JÁDE

Ẹ ka ọjọ́ tí ọmọ yóò wọ ọkọ̀ gan-an. Sáà ọ̀sẹ̀ 12 ní ọjọ́ 60 lórí ìwé. Ẹ yọ ìsinmi àárín sáà kúrò, ẹ yọ ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ẹ yọ àwọn ọjọ́ ìkẹyìn tí ìdánwò ti parí tí ọmọ kì í fẹ́ lọ mọ́, ẹ sì yọ ọjọ́ àìsàn pẹ̀lú. Ó lè má kù ju 50 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní owó bọ́ọ̀sì jẹ́ ₦45,000, kí owó márúwá sì jẹ́ ₦400 ní àlọ àti ₦400 ní àbọ̀. Bí ẹ bá fi ọjọ́ 60 ṣe é, márúwá yóò jẹ́ ₦48,000, á wá dà bíi pé ẹni tó san bọ́ọ̀sì jèrè ₦3,000. Bí ẹ bá fi ọjọ́ 50 ṣe é, márúwá di ₦40,000, ẹni tó san bọ́ọ̀sì sì ti pàdánù ₦5,000. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló yí ìdájọ́ padà. Ẹ mú iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò yín, kí ẹ fi rọ́pò èyí tí mo lò yìí.

Ẹ má ṣe fi sáà kan díwọ̀n òmíràn. Sáà kẹta ni ọjọ́ ìsinmi pọ̀ sí jù. Ọjọ́ òṣìṣẹ́ wà ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ àwọn ọmọdé wà ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ọjọ́ ìjọba àwarawa sì wà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà láti ọdún 2019. Ẹ wá wo Iléyá: ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí ní 2023, ó bọ́ sí ọjọ́ 16 ní 2024, ó sì bọ́ sí ọjọ́ 6 ní 2025. Inú sáà kẹta ni gbogbo rẹ̀. Bí ilé ìwé bá ń gba iye kan náà ní sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wọ́n ní sáà kẹta ju ti sáà kìíní lọ. Ẹ lè san ti sáà kìíní, kí ẹ sì fo ti kẹta.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé kì í wọ gbogbo àdúgbò. Orí títì ni wọ́n ń dúró sí, tàbí oríta tó sún mọ́ títì. Bí ilé yín bá wà nínú lọ́hùn-ún, tí ọmọ ní láti gun ọ̀kadà kó tó débi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé e, owó ọ̀kadà yẹn wà lára owó bọ́ọ̀sì. Ẹ kà á mọ́ ọn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà òjò, torí pé ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà lè di ẹrẹ̀ lóru ọjọ́ kan, kí awakọ̀ sì sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé òun ò lè wọlé mọ́.

Ẹ ka ẹni tó ń mú ọmọ lọ mọ́ ọn. Ibí yìí ni ìṣirò òbí púpọ̀ ti ń wọ́. Àpẹẹrẹ tó wà lókè, ọmọ tó lè dá lọ la fi ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè dá wọ márúwá. Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ mú un lọ láàárọ̀, kó padà wálé, kó tún lọ mú un lọ́sàn-án, kí àwọn méjèèjì sì jọ padà. Ìrìn mẹ́rin nìyẹn lójúmọ́ fún àgbàlagbà náà. Bí onímárúwá bá tilẹ̀ gbà kí ọmọ jókòó lórí itan lọ́fẹ̀ẹ́, ₦1,600 ni lójúmọ́, ₦80,000 ní ọjọ́ 50. Bọ́ọ̀sì ₦45,000 ti borí láìjanpata. A ò sì tíì ka wákàtí tí ìyá fi kúrò nídìí ọjà rẹ̀, tàbí iye tí ẹ ń san fún ọmọbìnrin tó ń bá yín mú ọmọ wálé.

Ẹ má ṣe fi ọmọ ọdún 14 ṣe ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ tó ti dàgbà kò nílò ẹni tí yóò mú un lọ, ìdí nìyẹn tí owó bọ́ọ̀sì fi lè ṣòfò lórí rẹ̀. Bí ilé ìwé kò bá jìnnà, tí ọ̀nà kò gba títì márosẹ̀ kọjá, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jọ ń rìn, ẹ jẹ́ kó rìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́dọ̀ sọdá títì Èkó sí Ìbàdàn kó tó débẹ̀, ẹ san owó bọ́ọ̀sì láìwo ìṣirò kankan. Ọkọ̀ tó ń sáré lórí títì yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró fún ẹlẹ́sẹ̀. Kò sí iye tí ẹ lè tọ́jú sápò tó tó ẹ̀mí ọmọ.

BÍ Ó BÁ Ń ṢE YÍN BÍI KÍ Ẹ SAN ÁN

Ẹ béèrè owó ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ òbí ní Mowe àti Ibafo ló ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè kọjá Long Bridge àti Kárà lórí títì Èkó sí Ìbàdàn kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Irú òbí bẹ́ẹ̀ kì í lè fi ọmọ sílé ìwé láàárọ̀, kì í sì í tètè dé lálẹ́. Àlọ àti àbọ̀ ló nílò. Àmọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí lè gbé ọmọ lọ fúnra rẹ̀ láàárọ̀, kó jẹ́ àbọ̀ nìkan ni yóò sanwó fún. Bí ilé ìwé kò bá kọ iye àlọ nìkan tàbí àbọ̀ nìkan sínú ìwé, ẹ béèrè. Ẹ béèrè ẹ̀dínwó bí ọmọ yín bá ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè san án ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ lọ fi ojú rí ọkọ̀ náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ sí ilé ìwé nígbà tí wọ́n ń jáde, kí ẹ ka ìjókòó, kí ẹ sì ka ọmọ. Ẹ wo bóyá ìgbànú wà lára ìjókòó, bóyá ilẹ̀kùn ń tì dáadáa, bóyá táyà ti jẹ. Ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó àwọn ọmọ nínú ọkọ̀. Awakọ̀ kò lè máa wakọ̀ kó tún máa bá ọmọ jà. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ àti ìwé ọkọ̀. Ilé ìwé tó ń ṣe dáadáa kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí.

Ẹ má ṣe torí ẹ̀dínwó gba àpọ̀jù èrò. Ìjókòó kan, ọmọ kan. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé owó tiwọn kéré torí pé ọmọ mẹ́rin ń jókòó síbi tó yẹ ọmọ mẹ́ta, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dínwó. Ewu ni wọ́n ń tà fún yín lówó pọ́ọ́kú.

Ẹ béèrè ibi tí ọmọ yín wà nínú ìlà. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé láàárọ̀, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn lọ́sàn-án, lè lo wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ fún ilé ìwé tí kò jìnnà. Á máa sùn ní kíláàsì, iṣẹ́ àmúrelé á sì di ogun lálẹ́. Ẹ bi wọ́n ní aago tí wọ́n ń dé ẹnu ọ̀nà yín láàárọ̀ àti aago tí wọ́n ń gbé ọmọ dé. Bí àkókò náà bá gùn jù, ẹ ní kí wọ́n yí ìlà padà ní àbọ̀, kí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe gbàgbé ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ìsìn Holy Ghost Service ti ìjọ Ìràpadà máa ń wáyé ní Redemption City ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣooṣù, ọkọ̀ sì máa ń kún ojú títì Ibafo dé Mowe láti ọ̀sán. Ẹ bi ilé ìwé bóyá wọ́n máa ń tètè jáde lọ́jọ́ náà, tàbí bóyá wọ́n mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tí kò gba orí títì. Bí wọn ò bá ní èsì kankan, ẹ ṣètò ara yín fún ọjọ́ yẹn.

Ẹ gba àdéhùn sínú ìwé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí a ń ra ní nǹkan bíi ₦200 lítà kan ti fò kọjá ₦480, owó ọkọ̀ sì fò tẹ̀ lé e. Àárín sáà kẹta ni. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni sísan sílẹ̀ máa ń dáàbò bo òbí, ìyẹn bí ilé ìwé bá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò ní fi kún un. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé náà sọ ohun mẹ́ta: bóyá wọ́n lè béèrè àfikún bí epo bá wọ́n, ohun tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, àti iye tí wọn yóò dá padà bí ilé ìwé bá tì láìròtẹ́lẹ̀. Oṣù Kẹta 2020 tí àrùn Kòrónà ti ilé ìwé pa ṣì ń kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ẹ má ṣe san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fi lọ ẹni tó bá san ti sáà mẹ́ta papọ̀ máa ń wọ̀ọ̀yàn lójú. Ẹ dán sáà kan wò ná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ó ti mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì ń dé lásìkò, bóyá awakọ̀ ń sáré, bóyá ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Òbí tó ti san tán kì í ní ẹnu láti fi rojọ́.

Ẹ wo àwọn ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òbí mẹ́rin ní àdúgbò kan náà, tí ọmọ wọn ń lọ sí ilé ìwé kan náà, lè bá onímárúwá kan tí wọ́n mọ ilé rẹ̀ ṣàdéhùn, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ní ìsinmi, owó náà á dín kù. Ohun tí bọ́ọ̀sì sáà kò lè ṣe fún yín nìyẹn. Àmọ́ ẹ má ṣe fi ọmọ lé ẹni tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀ lọ́wọ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́ TÓ Ń LỌ SÍ ÈKÓ LÓJOOJÚMỌ́

Ẹ mọ ibi tí káàdì ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti Ọ̀fàdà dé Mowe, láti Mowe dé Berger, owó ọwọ́ ni kọ́ńdọ́ ń gbà. Inú Èkó ni káàdì Cowry ti wúlò, lórí ọkọ̀ BRT àti ọkọ̀ ojú irin. BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2008 láti Mile 12 dé CMS. Ọ̀nà tirẹ̀ láti Òṣòdì dé Abúlé Ẹ̀gbá wá ṣí ní 2020, ìyẹn sì ni ó sún mọ́ ará Ifo jù. Ẹ kọ ìrìn yín sílẹ̀ ní ìpín-ìpín: èyí tí ẹ ń san lọ́wọ́, àti èyí tí káàdì ń san. Ó lè jẹ́ pé apá tó wọ́n jù ni káàdì kò dé.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú irin bí ẹ bá ń gbé apá Ifo. Ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2024 ni wọ́n ṣí Red Line, ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò. Ibùdó mẹ́jọ ló ní: Àgbàdo, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábàá àti Òyìngbò. Akẹ́kọ̀ọ́ YABATECH tàbí UNILAG tó ń ti Ifo bọ̀ lè wọkọ̀ dé Àgbàdo, kó wọ ojú irin, kó sì sọ̀ ní Yábàá láìrí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ ro owó ọkọ̀ dé Àgbàdo mọ́ owó ojú irin àti owó ọkọ̀ láti Yábàá, kí ẹ wá fi wé dánfó. Ẹ ro aago náà mọ́ ọn: ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹni tó pẹ́.

Ẹ má ṣe fi Cowry pe káàdì oṣù. Ibi tí ẹ fi owó pamọ́ sí ni. Ìrìn tí ẹ bá rìn nìkan ló ń yọ owó rẹ̀. Ẹni tó bá rìn lẹ́ẹ̀mejì àti ẹni tó bá rìn nígbà ogójì kò rí ẹ̀dínwó kankan gbà nítorí iye ìrìn. Àǹfààní wà nínú ìyẹn pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba Èkó dín owó ọkọ̀ ìjọba kù sí ìdajì ní oṣù Kẹjọ 2023, owó tó wà lórí káàdì àwọn èèyàn kò sọnù. Ìrìn tí ó lè gbé ló pọ̀ sí i.

Ẹ pín iye káàdì sí iye ìrìn, níbikíbi tí ẹ bá wà. Ẹ wo London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kàwé. Ní 2024, owó bọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan níbẹ̀ jẹ́ £1.75, káàdì bọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ kan sì jẹ́ £24.70. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pé ọdún 18, tó ní káàdì Oyster ti akẹ́kọ̀ọ́, ń rí ẹ̀dínwó ìdá 30 nínú 100 lórí káàdì ọ̀sẹ̀ náà. Ó ń san £17 àti díẹ̀. Ẹ fi £1.75 pín in, ẹ ó rí nǹkan bí ìrìn mẹ́wàá. Ẹni tó ń lọ ilé ìwé ní ọjọ́ márùn-ún, ní àlọ àti àbọ̀, kò jèrè, kò sì pàdánù. Tó bá fi iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé àti ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Àìkú kún un, ó jèrè. Ẹni tó ń lọ ní ọjọ́ mẹ́ta péré, kó máa san án ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ṣe rọ owó oṣù mẹ́rin sórí káàdì. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó sílé. Owó tó bá wà lórí káàdì nírú ìgbà bẹ́ẹ̀ kò lè ra ìrẹsì, kò sì lè san gbèsè. Ẹ máa rọ ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ kọ nọ́ńbà káàdì náà síbi kan, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ó fi tọpa rẹ̀ bó bá sọnù.

Ẹ ka ọjọ́ tí ẹ ní ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lè máa ti Mowe lọ. Ẹni tó ń lọ ní ọjọ́ márùn-ún, tó ń jí ní aago mẹ́rin òru, tó sì ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ó fi owó ọkọ̀ oṣù kan wé ìdá tirẹ̀ nínú iyàrá tí òun àti ẹlòmíràn lè jọ gbà nítòsí ilé ìwé. Kí ó sì ka oorun tó ń pàdánù mọ́ ọn, torí òun ni yóò kọ ìdánwò.

ÌDÁJỌ́

Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré tí kò lè dá rìn, tàbí ọmọ tó ní láti sọdá títì márosẹ̀, kí ó san owó bọ́ọ̀sì, bí ọkọ̀ náà bá dára tí èrò kò sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ lè dá lọ, kí ó ka ọjọ́ kó tó sanwó. Àfàìmọ̀ kí owó náà má dúró sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Èkó, kí ó gba káàdì, kó sì máa rọ owó sí i díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin onílé ìwé wa ní Mowe, Ibafo, Ọ̀fàdà àti Ifo, a bẹ̀ yín: ẹ kọ iye ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì yóò ṣiṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó rẹ̀ nínú ìwé owó sáà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.